Àtẹ̀ka Ìyá Gbadébọ̀

Ẹ̀rọ ti kọ ìròyìn ikú Gbadébọ̀ tán kí Adétutù, akọ̀ròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó kanlẹ̀kùn ìyá olóògbé. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ò ju kó lọ gba àtẹ̀ka lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, láti fi jẹ́rìí sí ìròyìn. Ó ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fi sí ìyá olóògbé lẹ́nu: “Gbadébọ̀ rẹ́rìn-ín sí mi kí iná ilé akẹ́kọ̀ọ́ tó pa á.”

“N ò sí níbẹ̀, ọmọ mi,” ni ìyá náà wí. “Ó pè mí lórí fóònù láti inú iná náà. Bi mí ní ohun tó sọ.”

Wọn ò kọ́ Adétutù ní ìbéèrè rí. Ó yíjú sí ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìròyìn ti parí,” ni ẹ̀rọ wí.

Ìyá náà ṣì ń wo Adétutù lẹ́nu. Nígbà tó sú u, ó na àtàǹpàkò.