Aláìsàn Àfidánwò

Fóònù láàbù ń dún, wọn ò gbé e.

Mo tún pè. Inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú Varna ni mo wà.

Lánàá ni mo parí iṣẹ́ ní láàbù àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn ní ìlú Ruse. Èmi ni mo gbé ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú èsì àyẹ̀wò wá fún wọn, tí mo sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa lò ó.

Stanka, ọ̀gá láàbù, wá gbé e.

"Kalina! Ètò rẹ ń ṣiṣẹ́ geere o."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, Rumyana Doncheva! Ìkìlọ̀ pupa dé sórí fóònù mi. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga jù. Ẹ tètè wá a!"

Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ká wá ta ni? Ṣebí ìwọ lo ní ká máa pa orúkọ yẹn rẹ́, pé aláìsàn àfidánwò ni, kì í ṣe ènìyàn gidi? A ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí, ó ṣì ń yọjú. Olórí kunkun ni!"

"Ẹ̀jẹ̀ ta lẹ wá fi sínú ẹ̀rọ?"

Mo gbọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn.

"Màmá kan wà lórí bẹ́ǹṣì níta. Ó ní òun ló ni orúkọ yẹn. Mo rò pé ìwọ lo rán an wá dán wa wò ni. Omi ló ń mu ṣáá láti àárọ̀. Ó ti sùn lọ báyìí."

"Ẹ jí i!"

Gbogbo bọ́ọ̀sì yíjú wò mí.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi orúkọ ìyá mi dán ètò yìí wò.

Lánàá ni mo sọ fún un pé, "Màmá, láàbù yẹn ni kẹ́ ẹ lọ. Ètò tí mo gbé fún wọn kì í pàdánù èsì ẹnikẹ́ni."