Ẹni Tó Wẹ Ìyá Hafsoh

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí Ọ̀kà, Hafsoh dìde ní ìpàdé Àsàlátù àwọn obìnrin ní Ìkàrẹ́, ó ní òun fẹ́ ṣe ohun kan ní ìrántí ìyá òun. Ó ní jẹjẹrẹ ọmú ló pa wọ́n, pé wọ́n fi bò títí wọ́n fi jáde láyé. Ó bẹ gbogbo wọn kí wọ́n dáwó, kí àwọn dókítà lè gbé ẹ̀rọ wọn wá láti Àkúrẹ́, kí wọ́n yẹ àwọn obìnrin wò lọ́fẹ̀ẹ́.

“Ìwọ ọmọ rẹ̀ ńkọ́?” ni obìnrin kan bi í. “O ò tètè rí i ni?”

Hafsoh fi ìborùn nu ojú. Àwọn obìnrin bú sẹ́kún, wọ́n ṣàdúà fún òkú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú owó létí ìró.

Alhaja Limota, tó wá láti Ọ̀kà, nìkan ni kò sunkún. Òun ló máa ń wẹ òkú àwọn obìnrin Mùsùlùmí níbẹ̀, òun ló sì wẹ ìyá Hafsoh. Nígbà tí ìpàdé tú, ó dúró de Hafsoh níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí.

“Hafsoh, ìwọ lo ń bu omi fún mi lọ́jọ́ náà. Àwa méjì péré la wà nínú yàrá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ma.”

“O ò gbàgbé?”

“N ò gbàgbé, ma.”

Alhaja wò ó títí, kó tó bá tirẹ̀ lọ. Bàtà ẹlòmíràn ni Hafsoh wọ̀ délé.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà á. Bí Alhaja bá lanu sọ̀rọ̀, ètò náà bàjẹ́ nìyẹn, àwọn dókítà ò sì ní wá mọ́. Bó bá rí gèlè tó jọ ti Alhaja lókèèrè ní ọjà Ìkàrẹ́, ṣọ́ọ̀bù tó bá sún mọ́ ọn jù lọ ló máa ń yà sí. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Badmus, ọkọ rẹ̀, ṣàkíyèsí.

“Ìyá tó ti kú ò ní kó o febi pa ara rẹ,” ni ó wí.

Ó ń jẹ iyán lọ́wọ́ nígbà náà. Ó ń sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Arigidi, tó kó ẹrù ìyàwó rẹ̀ padà sílé àwọn òbí obìnrin náà nítorí àrùn ọmú yìí kan náà. “Kí ni kò bá tún ṣe?” ni Badmus wí. Hafsoh bu omi fún un.

Ó kọ lẹ́tà sí àwọn dókítà. Ohun kan ló tẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀mejì: kí obìnrin kọ̀ọ̀kan dá wọlé, kí wọ́n má sì pe orúkọ ẹnikẹ́ni síta.

Nígbà tó di Sátidé ètò, wọ́n ta kánópì sí pápá ilé ìwé kan ní Ọ̀kà. Àwọn obìnrin wá láti Ìkàrẹ́, wọ́n wá láti Arigidi. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Kamaldeen, àbúrò olóògbé, já máíkì gbà.

“Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ẹ̀gbọ́n mi! Èmi ni mo ń ra oògùn wọn. Ta ló gbọ́ jẹjẹrẹ nílé wa rí? Mo ní ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọn ò tíì relé ọkọ, ta ló máa fẹ́ wọn? Alhaja tó wẹ̀ wọ́n ló jókòó yìí. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Bó bá jẹ́ irọ́ ni ọmọ yìí ń pa, kí àwọn dókítà máa lọ.”

Ariwo ta. Dókítà tó ń wọ ìbọ̀wọ́ dúró. Hafsoh di òpó kánópì mú. Alhaja rọra dìde, ó gba máíkì.

“Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n,” ni ó wí. “Àmánà ni, àṣírí tí wọ́n fi síkàáwọ́ mi. Ẹni tó bá wẹ òkú kì í sọ ohun tó rí. Kamaldeen, èmi náà ni mo wẹ ìyá tó bí yín. Ṣé o ti gbọ́ ohun tí mo rí lára wọn rí?”

Kamaldeen sún sẹ́yìn.

“Bí mo bá sọ ti Màrdíyyàh, ẹ̀gbọ́n rẹ, lónìí, ta ló máa gbà kí n wẹ òun lọ́la? Ẹ jẹ́ kí dókítà ṣiṣẹ́ wọn.”

Àwọn obìnrin ń mi orí, wọ́n ní ohun tí Alhaja rí á ti pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ. Kamaldeen jókòó, wọ́n sì tò.

Hafsoh bọ́ sí ìparí ìlà. Ẹ̀rù tó ń bà á ò lọ, ṣe ló tún ń pọ̀ sí i bí ìlà ṣe ń kúrú. Alhaja wá dúró sẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ ṣeun, ma.”

Nígbà tó ku obìnrin kan ṣoṣo níwájú wọn, Alhaja di Hafsoh lọ́wọ́ mú, ó fẹnu sí i létí.

“Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi wẹ ọmú ìyá rẹ, wọ́n dá ṣáṣá, kò sí kókó kankan níbẹ̀, ọmọ mi, èwo nínú tìrẹ ni?”