Ta Ló Mọ Igbó Gbìn?

“Ta ló mọ igbó gbìn nínú yín?” Ọ̀gá ìjọba tó wá láti Àkúrẹ́ gbé igi igbó méjì inú ìkòkò kalẹ̀ níwájú àwọn àgbẹ̀ Ọ̀kà. “Wọ́n ń tún òfin ṣe. Oògùn la fẹ́ fi ṣe. Ẹ má bẹ̀rù.”

Opó kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá na ọrùn wo àwọn igi náà.

Ọ̀gá fa igi kan tu. “Eléyìí ò wúlò.”

“Abo lẹ fà tu yẹn,” ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu opó. “Akọ ni ò wúlò.”

Gbogbo ojú yí sí i. Ọ̀gá yọ bírò. “Màmá, orúkọ ta ni ká kọ sílẹ̀?”

Opó dìde.

“Ẹ kọ Babárìndé,” ló wí. Ọkọ rẹ̀ ni, tó kú sẹ́wọ̀n nítorí ewé yìí kan náà.