Ta Ni Yóò Wẹ Ẹsẹ̀ Ercilia?

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Àjíǹde, Pásítọ̀ Obed kéde pé ìwẹsẹ̀ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ọdún yìí ò ní rí bíi ti àtẹ̀yìnwá. Tẹ́lẹ̀, kálukú ló ń mú ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n á wẹ ẹsẹ̀ ara wọn, ó parí. Pásítọ̀ ní kò sí ìrẹ̀lẹ̀ kankan nínú kéèyàn wẹ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀. Òun fúnra òun lòun máa pín wọn ní méjì-méjì, àwọn tí kì í bá ara wọn rẹ́rìn-ín lòun sì máa so pọ̀. Ó wá ń pe orúkọ. Ercilia, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì, ló so mọ́ Màmá Digna.

Ta ni ò mọ Màmá Digna ní ìlú Tela? Opó Díákónì Lázaro ni, ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Màmá yìí kì í rẹ́rìn-ín. Bí ọmọbìnrin kan bá fi yẹtí sétí, tàbí tó jó níbi ọjọ́ ìbí, òun ló máa kọ́kọ́ rí i, ẹni náà á sì bá ara ẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lábẹ́ ìbáwí. Kò ní kọrin, kò ní jẹ Oúnjẹ Olúwa, kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, títí ìjọ á fi dárí jì í. Bí oòrùn ṣe wù kó mú tó, ìbọ̀sẹ̀ dúdú tó nípọn ni màmá máa ń wọ̀. Wọ́n ní ìwà mímọ́ ni.

Ercilia náà ń wọ ìbọ̀sẹ̀, àmọ́ tiẹ̀ nídìí. Nígbà tó wà lọ́mọge, kó tó mọ Olúwa, ó fẹ́ràn atukọ̀ kan, ó sì jẹ́ kí wọ́n fín orúkọ rẹ̀ sí òun lẹ́sẹ̀ létíkun: CHEPE, gàdàgbà. Chepe wọkọ̀ lọ, kò padà. Lọ́jọ́ tí Ercilia ṣèrìbọmi, ó dúró níwájú ìjọ, ó ní òun ò mọ ọkùnrin kankan rí àfi Santos ọkọ òun. Ẹnu ló kó o sínú irọ́ yẹn. Àtìgbà náà, Reina ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó mọ̀, ló ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, á sì tètè fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, búrẹ́dì àgbọn tó yan jóná, ó tún òmíràn yan, ìyẹn náà jóná. Oorun kọ̀. Ó fi kànrìnkàn ha ẹsẹ̀ títí ó fi bó. Santos ọkọ rẹ̀, tó ti mọ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, yọjú sí balùwẹ̀.

“Ṣé Chepe lo tún ń wẹ̀ fún? Ọkùnrin yìí mà ń gbádùn nílé yìí jù mí lọ.”

Ercilia ò rẹ́rìn-ín. Bọ́rọ̀ yìí bá tú, wọ́n á gba kíláàsì àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ẹ̀, òun tí Ọlọ́run ò fún lọ́mọ. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pè é ní ìyá.

Lọ́jọ́rú, Màmá Digna kan ilẹ̀kùn. Ó jókòó sétí àga, ó kọ búrẹ́dì tí wọ́n gbé fún un. Ó ní òun ti lọ bẹ Pásítọ̀ pé kó yí ìpín náà padà, àmọ́ Pásítọ̀ ní kò ṣeé ṣe. Láti ayé Lázaro, òun ló ń gbé omi kaná lọ́jọ́ ìwẹsẹ̀, òun ló ń pín táwẹ́ẹ̀lì, òun kì í jókòó rárá. Pásítọ̀ ti gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ọ̀dọ́. Ercilia ń gbọ́, inú ń bí i. Ṣé ẹsẹ̀ òun wá burú tó báyìí?

“Arábìnrin Ercilia,” ni màmá wí, “bára rẹ ò bá yá lọ́la, dúró sílé. Ọlọ́run kì í fipá mú èèyàn.”

“Ara mi yá, Mà.”

“Ibà ń jà nígboro.”

“Ara mi le koko, Mà.”

Ercilia mọ̀ pé pàkúté ni. Bóun ò bá lọ, ilẹ̀ ò ní ṣú kí màmá yìí tó béèrè níwájú ìjọ pé kí ló wà lẹ́sẹ̀ òun.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ta aṣọ ìkélé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀ ní méjì-méjì, aṣọ pààlà láàárín wọn. Ercilia àti Màmá Digna kọjú síra wọn, abọ́ omi wà láàárín. Ẹyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ ẹyẹ. Ercilia di ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ mú títí, ó wá rẹ̀ ẹ́. Irọ́ ọ̀hún ti sú u.

“Màmá, ẹ má bínú. Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ tí mo ṣèrìbọmi.”

Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà. Màmá Digna wo CHEPE, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ercilia ń retí kó pariwo. Màmá kó ẹsẹ̀ náà sínú omi, ó wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó nù ún, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ náà padà fún un. Ẹkún gba ẹnu Ercilia. Ó ní kí wọ́n fi òun sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà má gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ òun.

Màmá Digna dìde, Ercilia rò pé ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ ló ń lọ, àmọ́ ńṣe ló lọ fa aṣọ náà kó pàdé dáadáa, ó padà wá jókòó.

Ó wá bọ́ ìbọ̀sẹ̀ dúdú ọ̀hún, ó gbé ẹsẹ̀ lé Ercilia lórí itan: orúkọ ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n fín tò sísàlẹ̀ ara wọn níbẹ̀, wọ́n ti fa ìlà lórí méjì àkọ́kọ́, kò sì sí èyí tó ń jẹ́ Lázaro nínú wọn.