Lọ́yà Orí-Pípé Pe Aránnilétí Lẹ́jọ́

Lọ́yà Orí-Pípé fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Orí-Pípé. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé òun ò gbàgbé ọjọ́ ẹjọ́ rí láyé òun, wọ́n á sì gbà bẹ́ẹ̀, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ni ẹjọ́ wọn ṣì wà.

Akọ̀wé rẹ̀, obìnrin kan tí kì í pariwo, ló dábàá pé kí wọ́n ra ètò orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì àwọn lọ́yà. Tí wọ́n bá ti kọ ọjọ́ ẹjọ́ sínú rẹ̀, á máa dún lórí kọ̀ǹpútà, á máa dún lórí fóònù, títí lọ́yà tó ni ẹjọ́ á fi dìde. Aránnilétí ni wọ́n ń pè é. Lọ́yà fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ariwo rẹ̀ dà bíi kí èèyàn máa wọ́ agolo lórí títì, ó sì pa á lẹ́nu mọ́ lórí fóònù tirẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́ ìyá aránṣọ, ẹni tí onílé fẹ́ lé kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ láti ìgbà ọmọge rẹ̀, orí àga ìrọ̀gbọ̀kú ni lọ́yà wà nílé, tó ń hanrun. Kóòtù pe lọ́yà ìyá aránṣọ, kò sẹ́ni tó dáhùn. Kó tó dìrọ̀lẹ́, àwọn maṣíìnì ìyá ti wà ní ẹ̀gbẹ́ títì, òjò sì ń pa wọ́n.

Inú bí lọ́yà gan-an. Aránnilétí ni inú ń bí i sí.

"Kọ̀ǹpútà ló já wa kulẹ̀, Ìyá," ó sọ fún ìyá aránṣọ. "Ẹ fi àwọn tó ṣe é sílẹ̀ fún mi. Ojú wọn máa rí màbo."

Ìyá aránṣọ wò ó títí. "Lọ́yà, mi ò gbé ẹjọ́ mi fún kọ̀ǹpútà o. Ẹ̀yin ni mo gbé e fún."

"Bó ṣe máa ń rí lára nìyẹn, Ìyá. Ẹ ní sùúrù."

"Ó dáa," ni ìyá wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú lọ́yà dùn pé ọ̀rọ̀ tètè yé e.

Kò jáfara. Ó pe iléeṣẹ́ tó ṣe Aránnilétí lẹ́jọ́. Ó ní kí akọ̀wé yọ ètò náà kúrò lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, kí akọ̀wé fúnra rẹ̀ má sì rán òun létí ohunkóhun mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ jáde lánàá ni oníṣẹ́ kóòtù mú ìwé kan wá," akọ̀wé sọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. "Ó ní—"

"Akọ̀wé! Kí ni wọ́n ń pè mí?"

"Orí-Pípé, sà."

"Ṣé o ti dáhùn ara rẹ."

Akọ̀wé padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú èyí tó fẹ́ lọ sí kóòtù, lọ́yà ti ara rẹ̀ mọ́lé, ó ń ro ẹjọ́ fún dígí. Ó rò ó débi tí omijé fi bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀. Akọ̀wé pè é lórí fóònù, ó tún pè, ó tún pè. Lọ́yà pa fóònù kí ọ̀rọ̀ má bàa sọnù mọ́ ọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ aṣọ dúdú rẹ̀, ó dé kóòtù kí wọ́n tó gbálẹ̀ tán. Nígbà tó yá, ìyá aránṣọ wọlé pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó gbé fáìlì dání. Orí lọ́yà wú. Kò bẹ ìyá pé kó wá jẹ́rìí, ó sì tún mú ọmọ rẹ̀ wá.

"Ẹ kú ìfẹ́ o, Ìyá."

"Ẹ kú àárọ̀, Lọ́yà."

Àwọn oníkọ̀ǹpútà ńkọ́? A ò rí ẹsẹ̀ wọn. Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ojora ti mú wọn.

Akọ̀wé kóòtù pe nọ́ńbà ẹjọ́. Lọ́yà kò fetí sí nọ́ńbà. Adájọ́, ìyá àgbà kan tó máa ń wo èèyàn láti orí awò ojú rẹ̀, béèrè ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin yẹn ń dìde bọ̀, àmọ́ lọ́yà ti wà ní ìdúró. Ìyá aránṣọ fa ọmọbìnrin náà láṣọ. "Jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

"Olúwa mi," lọ́yà bẹ̀rẹ̀, "ẹ wo obìnrin yìí! Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti lọ. Maṣíìnì rẹ̀ ti dípẹtà. Ẹ̀ṣẹ̀ kí ló ṣẹ̀? Àárọ̀ kùtù ló dé kóòtù, tó ń wo ẹnu ọ̀nà, tó ń retí lọ́yà rẹ̀. Níbo ni lọ́yà rẹ̀ wà? Ó wà lórí àga nílé, Olúwa mi, oorun ló ń sùn! Ká ní ó yọjú ni, ìyá yìí ì bá jàre."

"Ṣé fóònù rẹ̀ ò dún ni?" adájọ́ béèrè.

"Báwo ló ṣe máa dún, Olúwa mi? Ó ti pa á lẹ́nu mọ́!"

"Ta ló pa á?"

"Lọ́yà náà ni! Ariwo rẹ̀ kò ṣe é gbọ́ sétí! Olúwa mi, ẹni tó gba iṣẹ́ tí kò ṣe é, ẹ má ṣàánú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó san án dórí ẹyọ bọ́tìnnì!"

Ó jókòó, ó nu ojú. Adájọ́ yíjú sí ọmọbìnrin tó gbé fáìlì. Ọmọbìnrin náà dìde, ó tẹrí ba, ó ní òun ò ní nǹkan kan láti fi kún un. Lọ́yà mirí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni.

Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀. "Lọ́yà, ẹjọ́ tí ẹ pe àwọn oníkọ̀ǹpútà, àná la pè é títí tí a ò rí yín, mo sì ti dà á nù. Ti òní yìí, ìyá aránṣọ ló pè yín lẹ́jọ́, ẹ sì ti bá lọ́yà rẹ̀ rò ó tán."