Iṣẹ́ Dìsẹ́ńbà

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣírò," ni alásè kan bẹ̀bẹ̀.

Bàbá tó ń bá ará ìlú kọ fọ́ọ̀mù owó orí ní ilé ìkàwé kan ní Mississippi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, owó iṣẹ́ rẹ lọ́dún tó kọjá ò pé ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ dọ́là. Ẹni tówó iṣẹ́ ẹ̀ ò bá pé iye yẹn, ìjọba kì í san owó ìrànwọ́ ọmọ fún un."

"Ṣebí ẹni tówó ẹ̀ kéré ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́? Torí ẹ̀ ni mo ṣe fiṣẹ́ Dìsẹ́ńbà sílẹ̀!"

Lórí àga kejì, níbi tí wọ́n ti ń bá a kọ fọ́ọ̀mù tiẹ̀, Verlene aládùúgbò alásè náà fò dìde, ó dì mọ́ alásè náà. "Wọ́n máa san tèmi o! Iṣẹ́ Dìsẹ́ńbà tó o ní kí n wá gbà yẹn ló jẹ́ kówó mi pé. Ọlọ́run á ṣe tìẹ náà."

Alásè náà ṣe àmín, ṣùgbọ́n kò gbápá sókè láti dì mọ́ Verlene.