Ẹ̀wà Àkọ́jẹ Ìbídùn

Olúfúnmbi kò yé wo ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn ọwọ́ Ìbídùn, ọmọ rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ni í ka ẹ̀jẹ̀: bí ó bá funfun, àlàáfíà ni, bí ó bá pọ́n, ewu dé. Pípọ́n ni irú rẹ̀ pọ́n lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Ìbídùn lọ́jọ́ tí àrùn ìdílé wọn, tí í sọ ẹran àti ẹ̀wà di májèlé, mú un lọ. Ìbídùn fúnra rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún méje, kò jẹun líle rí. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá ni àwọn dókítà fi ìwòsàn tuntun kọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ níṣẹ́ àtisọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ di aláìléwu.

Nílé ìwòsàn, olùkọ́ ìjẹun, tó ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní jíjẹ oúnjẹ líle, gbé abọ́ kékeré síwájú ọmọ náà. Ẹni tó kọ orúkọ oúnjẹ sára abọ́ náà kò fi àmì ohùn sí i.

Ìbídùn kà á sókè: “Ẹwà!”

“Ẹ̀wà ni, ìyá àgbà,” ni olùkọ́ fi ẹ̀rín dá ọmọ náà lóhùn. “Fi eyín rún un, má gbé e mì bí omi.”

“Ṣé kò ní bù mí jẹ?”

“Ìwọ ni kí o bù ú jẹ!”

“Ẹ jọ̀ọ́, Olùkọ́, ẹyọ kan péré,” ni Olúfúnmbi bẹ̀bẹ̀.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Ìbídùn. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́.”

Ọmọ náà rún un, ó gbé e mì. Ìdajì wákàtí kọjá. Ìlẹ̀kẹ̀ ṣì funfun báláú.

“Màámi, mo jẹ ẹwà!”

Olùkọ́ fẹ́ tún un pè, ṣùgbọ́n Olúfúnmbi na ọwọ́ sí i, omijé lójú.

“Ẹ má tún un ṣe, Olùkọ́. Bó ṣe pè é náà ló jẹ́.”